Nígbà Tí Mímí Bá Di Iṣẹ́ fún Ọmọ Ọwọ́

Ìyá àgbà wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ọwọ́ tí imú rẹ̀ dí? Ọmọ á gbá ọmú mú, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, á já a sílẹ̀, á figbe ta, á tún gbá a mú. Ebi ń pa á, oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ráàyè mí. Ìyá á gbé e lé itan, á fi ẹnu bo imú rẹ̀, á fa ikun jáde, á tu ú dànù. Ẹni tó ń wò wọ́n lè yínmú. Ọmọ ní tirẹ̀ kò ráyè ìyẹn. Á padà sídìí ọmú, á mu ún títí oorun á fi gbé e lọ.

Ohun tí ìyá yẹn mọ̀ láìka ìwé kankan ni pé imú ni ọmọ oṣù díẹ̀ fi ń mí. Bí a bá ní kó máa fi ẹnu mí, kí ló fẹ́ fi mu ọmú? Imú tó dí á di ebi, ebi á di àárẹ̀, àárẹ̀ ni kì í sì í jẹ́ kí ọmọ lè bá ikọ́ jà. Ẹ wá jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà dé wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé kan ní London nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí gbogbo ibùsùn kún fún ọmọ tó ń wúkọ́. Nọ́ọ̀sì á kán omi iyọ̀ díẹ̀ sí ọmọ nímú, á fi rọ́bà tín-ín-rín fa ikun jáde. Á bi ìyá rẹ̀ pé báwo ló ṣe mu wàrà sí láti àárọ̀, ìlédìí mélòó ló sì tọ̀ sí. Bí ọ́síjìn ara ọmọ bá lọ sílẹ̀, wọ́n á fi kún un fún un láti imú. Bí kò bá lè mu wàrà mọ́, wọ́n á ki rọ́bà gba imú rẹ̀ lọ sínú ikùn, wọ́n á máa gba ibẹ̀ bọ́ ọ. Ó tán. Kò sí abẹ́rẹ́ àárọ̀ àti abẹ́rẹ́ alẹ́, kò sí ìgò omi òògùn mẹ́ta lórí tábìlì.

Ibí gan-an ni àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún ti máa ń bá wọn jà. Ìyá á gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lóru, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ní kó máa gbé e lọ sílé, kó máa fún un lọ́mú díẹ̀díẹ̀ léraléra, kó sì tètè gbé e padà bí mímí rẹ̀ bá le sí i. Ìyá á fi ìbínú pe màmá rẹ̀ ní Ìbàdàn: "Mọ́mì, wọn ò fún wa ní nǹkan kan o!" Màmá á ní, "Àwọ̀ yín ni wọ́n wò." Irú ìyẹn wà láyé, n kò ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí àìsàn tí mò ń sọ yìí, dókítà tó ní kò sí òògùn ló jàre. Kò sí òògùn kan ní kẹ́míìsì, ìbáà ṣe ti Peckham tàbí ti Mọ́kọ́lá, tó ń lé kòkòrò tó ń fa àìsàn náà kúrò lára ọmọ. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń lé e. Iṣẹ́ àwa tó yí i ká ni ká rí i pé àárẹ̀ kò pa á kí ara rẹ̀ tó ṣe iṣẹ́ náà tán.

Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn yìí ni respiratory syncytial virus, tí gbogbo ayé ń pè ní RSV. Kí ọmọ tó pé ọdún méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò ní kó o, ní ìlú òyìnbó àti níbí. Lára àgbàlagbà tó le, ọ̀fìnkìn lásán ni. Ẹ̀gbọ́n tó ń lọ nọ́sìrì á gbé e wálé, á sín sójú àbúrò rẹ̀, á sì máa bá eré tirẹ̀ lọ. Lára ọmọ oṣù méjì, kòkòrò náà lè má dúró nímú. Á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àwọn ọ̀nà atẹ́gùn tó kéré jù lọ nínú ẹ̀dọ̀fóró, á mú kí inú wọn wú, ikun àti awọ tó ti kú nínú wọn á sì dí wọn. Ẹ rántí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí à ń fi fa omi mu lọ́mọdé: ẹrẹ̀ bíńtín tó bá wọ inú rẹ̀, omi ò kọjá mọ́. Ọ̀nà atẹ́gùn ọmọ ọwọ́ tín-ín-rín ju ìyẹn lọ fíìfíì. Atẹ́gùn tó bá rọ́nà wọlé kò ní tètè rọ́nà jáde, àyà á máa súfèé, mímí tí kò ná ọmọ ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ á wá di iṣẹ́ àṣelàágùn. Bronchiolitis ni àwọn dókítà ń pe èyí.

Àìsàn náà ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì, ọ̀fìnkìn àti ara gbígbóná díẹ̀ ni. Láti ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ló máa ń le jù. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ìyá tó bá mọ kàlẹ́ńdà yìí kò ní pààrọ̀ dókítà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó tún yẹ kó yé wa ìdí tí òògùn oríṣiríṣi fi lórúkọ rere ládùúgbò: ẹni tó bá fún ọmọ ní ohunkóhun lọ́jọ́ kẹfà, ì báà jẹ́ omi àgbo tàbí omi ṣúgà, òun ni wọ́n á máa yìn. Ọmọ náà ì bá gbádùn lọ́jọ́ keje láìsí i.

Kì í ṣe ọmọ èèyàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò yìí. Àwọn ìnàkí kan tí wọ́n ń tọ́ ní ilé ìwádìí ológun Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Walter Reed ni ọ̀fìnkìn mú, tí wọ́n ń sín, tí ikun ń dà nímú wọn. Ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn kó o pẹ̀lú. Ní 1956 ni ìròyìn rẹ̀ jáde, wọ́n sì fi orúkọ ìnàkí pe kòkòrò náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Robert Chanock bá kòkòrò kan náà lára àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń ṣàìsàn ní Baltimore, ó wá hàn pé kì í ṣe àìsàn ẹranko rárá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èèyàn ló kó o ran àwọn ìnàkí náà.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ka iye tó ń ṣe. Ní ọdún 2019 nìkan, ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé RSV mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó mílíọ̀nù 33 wúkọ́ dé ẹ̀dọ̀fóró, mílíọ̀nù 3.6 nínú wọn ló dé ilé ìwòsàn, àwọn tó sì kú lé ní 100,000. Nínú 100 ọmọ tó kú, ó ju 97 lọ tó jẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ dúró lórí èyí díẹ̀. Kòkòrò ọ̀hún kò yàtọ̀. Ọmọ ọwọ́ kò yàtọ̀. Kò sí òògùn tó ń pa á ní London, kò sí ní Lusaka. Kí ló wá ń gba àwọn ọmọ tọ̀hún là? Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ nígbà tí wọn ò fún un lóògùn ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí òògùn ọ̀hún, nítorí ibẹ̀ ni owó wa ń lọ. Ọmọ wúkọ́, a sáré lọ sí kẹ́míìsì, ọ̀gá kẹ́míìsì bá da Ampiclox, òògùn ikọ́ àti òògùn ibà pọ̀ fún wa. Àńtíbáyótíìkì tó wà nínú rẹ̀, bakitéríà ló ń pa. Kò rí RSV rárá. Láàárín 2011 sí 2014, àwọn oníwádìí tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n pè ní PERCH yẹ ọmọ tí òtútù àyà wọn le wò ní orílẹ̀-èdè méje ní Áfíríkà àti Éṣíà, tí Gambia, Mali àti Kenya wà lára wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé fáírọ́ọ̀sì ló fa nǹkan bí 61 nínú 100, RSV nìkan sì fa nǹkan bí 31. Nítorí náà ọ̀pọ̀ àńtíbáyótíìkì tí à ń rà, afẹ́fẹ́ la fi ń rà á, tí bakitéríà tó kù lára ọmọ sì ń ti ibẹ̀ kọ́ bí wọ́n á ṣe máa gbójú sí òògùn náà.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi èyí bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé jà. Ẹni tó jókòó níwájú ọmọ tó ń mí kíákíá, tí kò ní ẹ̀rọ tó lè fi mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì ni tàbí bakitéríà, ìlànà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kó fún un ní amoxicillin, ìlànà náà sì tọ́, nítorí bakitéríà tí a kò tọ́jú ń tètè pa ọmọ. Dókítà London lè dúró wò ó nítorí pé ó lè yẹ ọmọ náà wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru kan. Ohun tí kò ní àwíjàre ni kí a fún ọmọ tó kàn ń sín, tó ń ṣeré, tó ń jẹun dáadáa ní àńtíbáyótíìkì nítorí pé ikun imú rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé. Òògùn tí wọ́n ń fi la àyà alásímà, àti sítẹ́rọ́ọ̀dù pàápàá, kò ṣiṣẹ́ fún bronchiolitis. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2014 ní kí wọ́n má lò wọ́n mọ́. Ìyẹn náà kò tètè wọ àwọn dókítà létí. Ó ṣòro fún ẹni tó kàwé púpọ̀ láti dúró ti ìyá tó ń sunkún kó má kọ nǹkan kan sórí ìwé.

Ti omi òògùn ikọ́ ló burú jù. Kò dín ọjọ́ kan kù nínú ikọ́ ọmọ ọwọ́, irú omi òògùn ọmọdé bẹ́ẹ̀ sì ti pa ọmọ. Ní òpin 2008 wọ 2009, omi òògùn eyín kan tó ń jẹ́ My Pikin pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà nítorí pé diethylene glycol, èròjà tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ, wà nínú rẹ̀. Kíndìnrín wọn ló bà jẹ́. Ní 2022, irú májèlé kan náà tún wọ inú omi òògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tí wọ́n kó láti Íńdíà wọ Gambia, ọmọ tó lé ní 60 ló kú. Ikọ́ tí ì bá lọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú.

Nínú ohun tí à ń ṣe nílé, àwọn kan dára. Ọmọ tó ti ju ọdún kan lọ lè lá oyin, ó ń tu ikọ́ lára. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, nítorí kòkòrò kan lè wà nínú oyin tó lè rọ iṣan ọmọ ọwọ́. Ikun fífà náà dára, àmọ́ kàkà ká fi ẹnu fà á, tí ìyá á fi kó ọ̀fìnkìn tirẹ̀ sí ọmọ nímú, rọ́bà olórí roboto tó ń fa ikun ọmọ wà lọ́jà, owó kékeré ni. Kán omi iyọ̀ tí wọ́n pò fún imú sí i kí o tó fà á. Èyí tí mo bẹ̀ yín kí ẹ fi sílẹ̀ ni rírọ. Ọmọ tó ń mí ní ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, tí a dá dùbúlẹ̀ lórí itan, tí a fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ẹnu ìgò, tí a wá ń rọ àgbo sí i lọ́fun: ibo ni àgbo náà fẹ́ gbà bí kò ṣe ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró? Kí a má kán àdín tàbí òróró kankan sí i nímú. Òróró tó bá dé ẹ̀dọ̀fóró kì í tètè kúrò níbẹ̀. Èéfín igi ìdáná àti sìgá bàbá rẹ̀ náà wà lára ohun tó ń dí i láyà.

Báwo la ṣe máa mọ ọmọ tí a lè fi sílé àti èyí tó yẹ ká gbé sáré? Ìdáhùn tí gbogbo ayé ń lò lónìí, abúlé olókè ló ti wá. Ní àwọn ọdún 1980, dókítà Frank Shann ń ṣiṣẹ́ ní Goroka, láàárín àwọn òkè Papua New Guinea. Òtútù àyà ń pa ọmọ níbẹ̀, ẹ̀rọ X-ray kò sí, dókítà kò tó, agbọ́yà tí wọ́n ń fi gbọ́ àyà kò sì sọ ohun kan náà fún òṣìṣẹ́ ìlera méjì. Ó wá wò ó pé, ṣé ojú lásán kò lè rí ohun tí etí kò gbọ́? Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé bí èèyàn bá ka iye ìgbà tí ọmọ ń mí, tó sì wo bóyá àyà rẹ̀ ń wọnú, á mọ èyí tí òtútù àyà mú láàárín àwọn tó kàn ń wúkọ́. WHO gba ìmọ̀ náà, wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé káàkiri ayé. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ti ṣe fún ọmọ tálákà, díẹ̀ ló dára tó èyí, nítorí kò gba owó, kò gba iná NEPA.

Bí wọ́n ṣe ń kà á rèé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dákẹ́, ó dára jù bó bá sùn tàbí tó ti yó. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè kí àyà àti ikùn hàn. Gbogbo ìgbà tí ikùn bá gbéra sókè, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹ wo aago fóònù, kí ẹ sì kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ka ìdajì kí ẹ wá ní ẹ ó sọ ọ́ di méjì, nítorí ọmọ ọwọ́ a máa mí kíákíá, a tún rọra dúró díẹ̀, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, bó bá mí tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ tún un kà tó sì rí bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Láti oṣù méjì títí di ìgbà tó fẹ́ pé ọdún kan, 50 ni. Láti ọdún kan sí márùn-ún, 40.

Nǹkan míì wà tí kò nílò kíkà. Bí abẹ́ ìhà ọmọ bá ń wọnú kòtò nígbàkígbà tó bá ń fa èémí, bí ihò imú rẹ̀ bá ń fẹ̀, bó bá ń kùn "hùn-ùn, hùn-ùn" nígbà tó bá ń mí jáde, ó ti ń fi gbogbo agbára rẹ̀ mí nìyẹn. Bí kò bá lè mu ọmú tó ìdajì ohun tó ń mu tẹ́lẹ̀, bí ìlédìí rẹ̀ bá gbẹ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bó bá ń sùn tí kò ṣeé jí, bó bá gìrì, ẹ gbéra. Àwọ̀ wa dúdú, ẹ má retí kí ara rẹ̀ di búlúù bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé òyìnbó. Ahọ́n àti ìdí eyín rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, pàápàá èyí tí wọ́n bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, lè má tilẹ̀ wúkọ́ púpọ̀; ó lè kàn gbàgbé láti mí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ìyá tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò gbọ́dọ̀ dúró wo ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ojú dára, ṣùgbọ́n ọ́síjìn lè ti lọ sílẹ̀ lára ọmọ kí ojú tó rí i. Ẹ̀rọ tó ń rí i kéré débi pé ó ń wọ àpò: wọ́n á fi há ọmọ ní ìka ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, iná pupa á tàn gba inú ẹran ara, nọ́ńbà á sì jáde. Takuo Aoyagi, ọmọ Japan, ló ronú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ọmọ tó ń gbádùn sábà máa ń ju 95 lọ. Èyí tó bá lọ sísàlẹ̀ 90, ọ́síjìn di dandan fún un. Ẹ̀rọ náà ní àbùkù kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2020, àwọn oníwádìí ní Michigan fi hàn pé lára àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú tó wà ní ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun tí ẹ̀rọ náà ń sọ pé "kò séwu" nígbà tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ara aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti dán an wò jù nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá sọ 92 tí ọmọ sì ń kùn, ọmọ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Pẹ̀lú àbùkù rẹ̀ náà, ó ń gba ẹ̀mí là, ilẹ̀ wa sì ni wọ́n ti fi èyí hàn. Láàárín 2015 sí 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Fáladé láti Ìbàdàn, pẹ̀lú Hamish Graham láti Melbourne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn 12 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀rọ ìka yìí, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n á ṣe máa lò ó fún gbogbo ọmọ tó bá wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń fa ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ wá, pẹ̀lú iná oòrùn ní àwọn ibi tí iná kò ti dúró. Ohun tó yanilẹ́nu ni pé ikú àwọn ọmọ tí òtútù àyà mú ti dín kù láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìka ti dé, kí àwọn ẹ̀rọ ńlá tó tẹ̀ lé e. Ọ́síjìn díẹ̀ ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Wọn ò kàn mọ ọmọ tó yẹ kí wọ́n fún. Sìlíńdà á wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n á máa fi í pamọ́ de ẹni tó ń kú lọ, nígbà tí ọmọ tó nílò rẹ̀ jókòó sórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tí ẹnikẹ́ni ò kà á sí.

Ọ́síjìn nìkan kì í tó ọmọ míì. Ẹ rántí èyí tó ń kùn "hùn-ùn". Ó ń há ọ̀fun rẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ń mí jáde kí afẹ́fẹ́ má baà tán nínú ẹ̀dọ̀fóró, kí àwọn àpò kéékèèké inú rẹ̀ má baà pa mọ́ra. Ọgbọ́n ara rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní 1996, dókítà Mohammod Jobayer Chisti ń kọ́ṣẹ́ ní Sylhet, Bangladesh. Lálẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, òtútù àyà pa ọmọ mẹ́ta lójú rẹ̀. Ó lọ sí Melbourne lẹ́yìn náà, ó rí ẹ̀rọ olówó ńlá tó ń mú kí afẹ́fẹ́ dúró díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Nígbà tó padà sílé, ìgò ṣámpù ló fi ṣe tirẹ̀: ó da omi sínú rẹ̀, ó ti orí rọ́bà tí ọmọ ń mí èémí jáde sí bọ inú omi náà. Èémí ní láti ti omi kí ó tó lè jáde, omi á máa hó, ọmọ kò sì ní láti máa kùn mọ́; ìgò ń bá a ṣe é. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní Dhaka, ọmọ bí 15 nínú 100 ló kú lára àwọn tó gba ọ́síjìn bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, bí mẹ́rin nínú 100 ló kú lára àwọn onígò. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015.

Ìtàn dídùn nìyẹn, gbogbo ìwé ìròyìn ló sì sọ ọ́. Èyí tí wọn kì í sọ ni ti Malawi. Wọ́n gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn agbègbè ní Salima, fún àwọn ọmọ tí ara wọn ti gbẹ tàbí tí àìsàn míì wà lára wọn, níbi tí dókítà kì í ti sí lórí wọn lójoojúmọ́. Àwọn tí wọ́n fi sí i kú ju àwọn tó gba ọ́síjìn lásán lọ. Ní Dhaka, dókítà àti nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ náà wà lórí ọmọ tọ̀sán-tòru: wọ́n ń wo bí ikùn ṣe ń wú, bí imú ṣe ń bó, bóyá ó ti tó láti yọ ọ́. Ẹni tó bá ra ìgò láìgba nọ́ọ̀sì, ìgò lásán ló rà.

Ti ìdènà ńkọ́? Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ tipẹ́, ó sì dójú tì wọ́n. Ní 1966, wọ́n fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fi òkú RSV ṣe. Nígbà tí RSV gidi dé, nínú 20 ọmọ ọwọ́ tó gba abẹ́rẹ́ náà tí wọ́n sì wá kó RSV, 16 ló dèrò ilé ìwòsàn, méjì kú. Ara wọn ti kọ́ láti gbógun ti ohun tí kò jọ kòkòrò gidi náà. Ó gba nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni tó tún fọkàn balẹ̀. Ní 2013, Jason McLellan, Barney Graham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí bí ojú kòkòrò náà ṣe rí kí ó tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara, èyí tó máa ń yí padà kíákíá. Wọ́n sì mọ bí wọ́n á ṣe dè é mọ́lẹ̀ kó má yí. Ọgbọ́n yẹn ni wọ́n tún lò fún abẹ́rẹ́ Kòrónà lẹ́yìn náà.

Ní 2023, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun méjì tó ti ibẹ̀ jáde. Èkíní ni nirsevimab, tí wọ́n ń gún fún ọmọ tuntun lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ogun ara tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹkùn Galicia ní Spain ṣètò rẹ̀ fún gbogbo ọmọ tuntun lọ́dún náà, ó sì dá bí 82 nínú 100 àìsàn RSV tó ń gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn dúró. Èkejì ni abẹ́rẹ́ fún aboyún. Ara ìyá á pèsè ọmọ ogun náà, á gba ibi ọmọ ránṣẹ́ sí i nínú oyún, ọmọ á sì dáyé pẹ̀lú rẹ̀. Nínú àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ṣe, ó dá bí 82 nínú 100 àìsàn RSV tó le dúró láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, oṣù tó léwu jù. Èyí ló bá wa lára mu, nítorí àwọn aboyún wa ti mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ ipá. Ní 2025, WHO ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè mú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé gbogbo abúlé. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ àti kọmíṣọ́nnà ìlera, ẹ má dúró dè é kí ẹ tó ṣe èyí tó wà níkàáwọ́ yín. Ẹ ra ẹ̀rọ ìka kan fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kọ̀ọ̀kan, irú èyí tó bá ìka ọmọ ọwọ́ mu, ẹ ra bátìrì rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì pàṣẹ pé kí wọ́n fi há gbogbo ọmọ tó bá wúkọ́ wọlé kí wọ́n tó kọ òògùn kankan fún un. Ẹ̀yin aboyún, nígbà tí ẹ bá tún lọ síbi ìwọ̀n, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá abẹ́rẹ́ RSV ti dé.